Ta ló ń pe ta ní “o”? Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta pẹ̀lú Live A Live

Bàbá arúgbó kan ń rìn nínú igbó ọparun. Ọmọ kan já lu bàbá yìí lọ́nà, ó ní kí wọ́n kó owó ọwọ́ wọn sílẹ̀. Èmi ni mò ń ka ohun tó wà lójú tẹlifíṣọ̀n sókè, mò ń tú u sí Yorùbá bí mo ṣe ń lọ. Mo kà á báyìí: “Bàbá, kó owó ẹ sílẹ̀ kí n tó lù ẹ́.” Màmá mi ti gíláàsì ojú wọn sókè.

“Ṣé bàbá tó tó bàbá bàbá ẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀ sí báyẹn?”

“Ọlọ́ṣà ni, mà.”

“Ọlọ́ṣà náà ní ilé tó ti wá.”

Mo tún un kà: “Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kó owó yín sílẹ̀.” Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ìyẹn náà ò dáa, ọlọ́ṣà wo ló ń sọ “ẹ jọ̀wọ́”? A wá fẹnu kò sí àárín: ọmọ náà á máa sọ “o,” ṣùgbọ́n “bàbá” kò gbọdọ̀ kúrò lẹ́nu ẹ̀. Bí màmá mi ṣe wọnú géèmù tí mo ti ń dúró dè láti ọdún mẹ́rìnlá sẹ́yìn nìyẹn.

Live A Live lorúkọ ẹ̀. Ẹ pe LIVE méjèèjì bí a ṣe ń pè é tí bọ́ọ̀lù bá ń lọ lọ́wọ́ lójú tẹlifíṣọ̀n. Ilé iṣẹ́ Square ló ṣe é ní Jàpáànì. Ó jáde níbẹ̀ ní ọjọ́ kejì oṣù Kẹsàn-án ọdún 1994 fún ẹ̀rọ Super Famicom, èyí tí àwa mọ̀ sí Super Nintendo, kò sì fi Jàpáànì sílẹ̀. Takashi Tokita ló darí iṣẹ́ náà. Nígbà tí ọdún máa yí po, ó wà lára àwọn tó darí géèmù mìíràn, Chrono Trigger, ìyẹn sì rìn káyé. Live A Live jókòó sílé bí ọmọ tí wọn ò ṣe pásípọ́ọ̀tù fún. Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ló lò níbẹ̀ kí Square Enix tó tún un ṣe látòkè délẹ̀, tí Nintendo sì gbé e jáde fún ẹ̀rọ géèmù wọn, Switch, lọ́jọ́ 22 oṣù Keje ọdún 2022 ní èdè Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn èdè Yúróòpù mélòó kan. Tokita náà ló tún dúró tì í.

Tèmi ti bẹ̀rẹ̀ ṣáájú ìyẹn. Ní 2008, mo ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ kíkọ́, mò ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń tún fóònù ṣe. Lóru ọjọ́ Jímọ̀ a máa ń lọ ṣe “night browsing” ní sáíbà kan. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ìgbà yẹn ò ní gbàgbé: wọ́n á ti ilẹ̀kùn mọ́ yín láago mẹ́wàá alẹ́, ó di mọ́júmọ́ kí ẹnikẹ́ni tó jáde. Àwọn kan ń kọ lẹ́tà ìfẹ́ sí àwọn òyìnbó tí wọn ò rí rí. Èmi ń wa géèmù àtijọ́. Ibẹ̀ ni mo ti rí Live A Live tí àwọn olólùfẹ́ géèmù kan, Aeon Genesis, ti tú sí Gẹ̀ẹ́sì lọ́fẹ̀ẹ́ ní 2001. Mo gbá a fún òru mẹ́ta, mo sì fi ibi tí mo bá a dé pamọ́ sórí kọ̀ǹpútà kejì láti ẹnu ọ̀nà. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, wọ́n ti nu gbogbo kọ̀ǹpútà ilé náà mọ́ nítorí fáírọ́ọ̀sì. Ohun tí mo rántí láti òru mẹ́ta yẹn kò ju orin ìjà kan lọ àti ọmọkùnrin inú ihò àpáta tó ń gbóòórùn nǹkan kiri.

Ẹ má bi mí ní iye tí mo rà á. Káàdì 50 dọ́là tí wọ́n fi ń ra géèmù ni ìbátan mi kan ní Houston fi ránṣẹ́ sí mi, torí àkáǹtì Amẹ́ríkà ni mò ń lò, owó tí mo sì san padà fún un lé ní 30,000 náírà. Mo ti kọ́kọ́ gbá dẹ́mò, ìtọ́wò géèmù náà, tí wọ́n gbé jáde lọ́fẹ̀ẹ́ ní òpin oṣù Kẹfà. Ibi tí mo bá a dé nínú dẹ́mò ló sì gbé wọnú géèmù gan-an, n ò tún un bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ṣeun níbẹ̀.

Ohun tó yà á sọ́tọ̀ nìyí. Èèyàn méje ló wà nílẹ̀, ìgbà ayé méje, ìwọ lo máa yan èyí tó wù ọ́ kọ́kọ́ gbé. Ọ̀kan jẹ́ ọmọ inú ihò àpáta kí ayé tó lajú. Ọ̀kan jẹ́ àgbà oníjà ní Ṣáínà ayé ọba. Ọ̀kan jẹ́ ninja, ìyẹn amí tó mọ ìjà, ní Jàpáànì ìgbà Edo, nígbà tí ìjọba àwọn ṣógún, àwọn ọ̀gágun tó ń ṣàkóso ibẹ̀, ti ń dojú dé. Oníbọn kan wà ní ilẹ̀ eléruku Amẹ́ríkà, oníjàkadì kan wà ní òde òní, ọmọ aláìlóbìí kan tó ń gbọ́ ohun tó wà lọ́kàn ẹlòmíì wà ní ọ̀la tó sún mọ́ wa, róbọ́ọ̀tì kékeré kan sì wà nínú ọkọ̀ òfurufú ní ọ̀la tó jìnnà réré. Wọn ò mọ ara wọn. Ohun tí o kó jọ nínú ayé ẹnì kan kò ní bá ọ dé ti ẹnì kejì. O ṣíwọ́ ìjà kan pẹ̀lú agbára bí erin, o bọ́ sínú ayé mìíràn, o tún di ọmọ tuntun. Ó dùn mí lẹ́ẹ̀mejì àkọ́kọ́. Ó ti mọ́ mi lára báyìí.

Bí wọ́n ṣe ń jà níbẹ̀ yẹ ká sọ díẹ̀. Ojú ìjà jẹ́ àpótí méje ní gígùn, méje ní ìbú. Bí o bá gbé ẹsẹ̀ kan, àkókò gbogbo ọ̀tá rẹ ń sún síwájú pẹ̀lú ẹ, nítorí náà ẹsẹ̀ tí o gbé lásán lè di ẹ̀ṣẹ́ tí wọ́n máa fún ọ. Ó rán mi létí àwọn àgbà tó ń ta ayò tí wọn kì í fọwọ́ kan ọmọ ayò kankan títí wọ́n á fi ka gbogbo ilé tó wà lọ́pọ́n tán pẹ̀lú ojú. Bí ìjà bá parí, gbogbo ọgbẹ́ á jinná fúnra ẹ̀. Kò sí pé à ń ra oògùn kiri bíi ti àwọn géèmù yòókù. Ó tẹ́ mi lọ́rùn púpọ̀, kò sí ohun tí mo fẹ́ fi kún un.

Àwòrán wọn ni èyí tí wọ́n ń pè ní HD-2D, irú tí géèmù Octopath Traveler kọ́kọ́ lò ní 2018. Àwọn èèyàn inú ẹ̀ ṣì jẹ́ àwòrán onígun kéékèèké ti ayé àtijọ́, ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí wọ́n dúró lé, omi tó ń ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn àti oòrùn tó ń wọ̀ lẹ́yìn wọn ní ìjìnlẹ̀. Màmá mi ní ó jọ pé ẹnì kan to ọmọláńgidi sínú àpótí gíláàsì, ó wá tan iná sí i.

Ó yẹ kí n sọ bí màmá mi ṣe dénú ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n ṣiṣẹ́ ojú fún wọn ní oṣù Kẹfà, dókítà ní kí wọ́n má máa tẹjú mọ́ nǹkan wẹ́wẹ́, nítorí náà wọ́n wá gbé lọ́dọ̀ mi títí ara máa fi yá. Ẹni tó fi ọgbọ̀n ọdún ó lé rẹ àdìrẹ ní Ìtòkú kò mọ bí wọ́n ṣe ń jókòó lásán. Lálẹ́, tí mo bá ti ti ṣọ́ọ̀bù ní Láfẹ́nwá tí mo sì délé, mo máa ń so Switch mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Lọ́jọ́ kẹta ni wọ́n ní, “Kí ni wọ́n ń bá ara wọn sọ?” Láti ọjọ́ náà ni mo ti di ògbufọ̀. Bí iná bá lọ, mo á yọ Switch kúrò lára tẹlifíṣọ̀n, mo á gbé e sáàárín wa, a ó máa bá a lọ títí bátìrì ẹ̀ á fi kú. Àbùkù kan nìyẹn: lójú Switch fúnra ẹ̀, lẹ́tà wọn kéré. Èmi tí ojú mi dá ṣáká gan-an ń fún ojú pọ̀.

Ògbufọ̀ ni mo wá di kí n tó mọ ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń fi pamọ́. “You” ni ọlọ́ṣà ń pe bàbá, “you” ni bàbá ń pe ọlọ́ṣà, “you” ni ọba ń pe ẹrú. Bí mo bá fẹ́ la ẹnu báyìí ní Yorùbá, mo gbọ́dọ̀ ti pinnu: ta ló dàgbà, ta ló ń bẹ̀rù ta, ta ló ti ń fojú di ta. Ohùn àwọn ará Jàpáànì ni mo fi sí i, kì í ṣe ti Gẹ̀ẹ́sì. Mi ò gbọ́ èdè wọn, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé àwọn náà kò kóyán àgbà kéré lẹ́nu. Wọ́n ń fi “san” tàbí “sama” kan orúkọ èèyàn, ọ̀rọ̀ ìṣe wọn pàápàá máa ń wọ aṣọ mìíràn tí ẹni ọ̀wọ̀ bá wà níbẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì gbé gbogbo ìyẹn mì. Mi ò dá àwọn tó tú u lẹ́bi, wọ́n wá ọ̀nà mìíràn gbé e gbà: wọ́n fún ìgbà ayé kọ̀ọ̀kan ní ẹnu tirẹ̀, oníbọn ń fa ọ̀rọ̀ nílẹ̀ tuurutu, àgbà oníjà ń sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Èmi ni mo wá ń fi ọwọ́ ta ilẹ̀ wá ohun tó já sílẹ̀ lójú ọ̀nà láàárín Tokyo sí Abẹ́òkúta.

Ti Ṣáínà yẹn la pẹ́ sí jù. Shifu ni wọ́n ń pe bàbá náà. Ọjọ́ ti lọ lórí wọn, ìlànà ìjà tí wọ́n jogún kò ní arólé, wọ́n sì sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè láti wá ẹni tí wọ́n máa gbé e lé lọ́wọ́. Wọ́n rí mẹ́ta. Lei ni ọlọ́ṣà inú igbó ọparun. Yuan jẹ́ jáwójáwó kan tí ara ẹ̀ kò le, tí ẹ̀rù ń bà ju àwọn tó ń jà lólè lọ. Hong jẹ́ géńdé kan tó tóbi bí àgbá, tó ń jẹun kiri láìsanwó. Mo fẹ́ pè wọ́n ní ọmọ ẹ̀yìn, ó wá dà bí ẹni tó ń ka Bíbélì. Màmá mi bá mi tún un ṣe: “Ọmọ iṣẹ́ ni wọ́n. Bàbá yẹn ń gba ọmọ iṣẹ́ ni.”

Ọ̀rọ̀ náà sì tọ̀nà dójú ẹ̀. Wọ́n jí ní àárọ̀, bàbá kọ́ ọ̀kan nínú wọn, ó di ọjọ́ kejì. Ẹni tí o bá bá jà jù ló ń gbọ́n jù. Bàbá fúnra wọn kì í gòkè: ipele kẹwàá ni wọ́n wà láti ìbẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ náà ni wọ́n máa wà. Àwọn ọmọ iṣẹ́ nìkan ló ń pọ̀ sí i. Nínú géèmù tí mo ti gbá láyé mi, mi ò rí èyí tó fi ìdajì wákàtí ní kí n máa fún ẹlòmíì lágbára tí tèmi ò sì ní lé sí i.

Ibẹ̀ ni a ti jà. Lei ni mo fẹ́ kí bàbá kọ́ jù, torí ó yára, ẹsẹ̀ ẹ̀ kì í kanlẹ̀. Màmá mi ní rárá, Yuan ni. Wọ́n ní ẹni tó ti mọ nǹkan ṣe tẹ́lẹ̀ á máa ro ara ẹ̀ pọ̀ mọ́ ọ̀gá, àmọ́ ẹni tí kò mọ nǹkan kan, ọwọ́ ọ̀gá ló máa fi ṣiṣẹ́. Wọ́n sọ ìtàn ọmọ iṣẹ́ wọn kan tó mọ adìrẹ oníko, èyí tí wọ́n ń fi okùn di aṣọ ẹ̀, dáadáa kó tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Ó ṣe fúrídọ́ọ̀mù, wọ́n pa adìẹ, wọ́n sè ìrẹsì. Nígbà tó máa di oṣù kejì ó ti fi ìdá kan nínú mẹ́ta oníbàárà wọn sínú fóònù ẹ̀. Èmi náà ní ọmọ iṣẹ́ méjì ní ṣọ́ọ̀bù, mo sì mọ èyí tó ń gbọ́n nínú wọn, nítorí náà mi ò fèsì. Mo kọ́ Yuan. Lójú mi, ọmọ yẹn kọ́kọ́ ń ṣubú bí aṣọ tí afẹ́fẹ́ gbé lórí okùn. Kò pẹ́ tó fi ń dúró lẹ́sẹ̀ ẹ̀.

Bí a ṣe ń lọ, mo ń yí ẹnu àwọn ọmọ náà padà láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Yuan ti ń sọ “ẹ” láti ọjọ́ kìíní, ẹ̀rù ni. Hong ń sọ “o” àti “ẹ” pọ̀, bí ebi bá ṣe pa á tó. Lei nìkan ni “o” kò kúrò lẹ́nu ẹ̀. Lọ́jọ́ kan, lẹ́yìn tó ti bá bàbá jà tó sì ti ṣubú, mo ka ọ̀rọ̀ ẹ̀, mo fi “ẹ” sí i. Gẹ̀ẹ́sì ibẹ̀ kò yí padà, “you” náà ni. Màmá mi dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan, wọ́n ní, “Ó ti gbà báyìí.” Mi ò mọ̀ bóyá ẹni tó kọ ọ́ ní Jàpáànì fi nǹkan síbẹ̀, àbí èmi ni mo fi í síbẹ̀. Mo tún padà wá gbọ́ ohùn Jàpáànì ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ohùn náà lọ sílẹ̀ díẹ̀, bó ṣe dún létí mi nìyẹn.

Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín jù: ọjọ́ kẹrin ni màmá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé obìnrin ni Lei. “Ó” ni mo ti ń pè é látìbẹ̀rẹ̀, “ó sá, ó lu bàbá, ó ṣubú,” Yorùbá ò sì bi mí bóyá akọ ni tàbí abo. Inú bí wọn. Wọ́n ní ká ní àwọn ti mọ̀ ni, òun ni àwọn ò bá ní kí bàbá kọ́ jù. Ó ti pẹ́ jù nígbà yẹn.

Ní Edo, mo ní ìṣòro mìíràn. Oboromaru ni ninja náà ń jẹ́, wọ́n rán an wọ ilé olódi kan láti lọ yọ ẹlẹ́wọ̀n kan. Ilé náà díjú bí igbá tí wọ́n tú òwú sí, òkè ni mo rò pé mo ń lọ, ilẹ̀ ni mo ń já sí. O lè pa gbogbo èèyàn inú ẹ̀, ọgọ́rùn-ún ni wọ́n, o sì lè gba ibẹ̀ kọjá láìpa ẹnikẹ́ni nínú wọn. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ń bi ọ́ ní ọ̀rọ̀ àṣírí. Bí o bá tẹ bọ́tìnnì kan, Oboromaru á ta aṣọ kan bo ara ẹ̀, ẹ̀ṣọ́ á kọjá lára ẹ̀ bí ẹni kọjá lára ògiri. “Àfẹ́ẹ̀rí!” Màmá mi pariwo ẹ̀ bí ẹni rí ará ìlú ẹ̀ ní Èkó. Mi ò bá wọn jiyàn pé aṣọ lásán ni. A ti pa mẹ́rìnlá báyìí, èmi ni mo fà á, wọ́n sì ń ka á sí mi lọ́rùn. Mo ń ronú àtibẹ̀rẹ̀ ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Inú ihò àpáta ni mo ti sinmi. Ní ìgbà ayé Pogo, ọ̀rọ̀ ò tíì délé ayé, nítorí náà kò sí ẹni tó sọ ohunkóhun. Wọ́n ń fọwọ́ sọ ọ́, wọ́n ń fo sókè, àwòrán ẹran ń hàn lókè orí ẹni tí ebi ń pa. Àwọn tó tú géèmù yìí jókòó lásán níbẹ̀, èmi náà sì jókòó lásán. Bó o bá tẹ bọ́tìnnì, imú Pogo á bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, òórùn á hàn bí èéfín, o ó sì tẹ̀ lé e. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí ọmọbìnrin tó sá pamọ́ sínú ilé wọn. Ọ̀rẹ́ Pogo, Gori, ìnàkí ni, ó sì ń ju ìgbẹ́ lu ọ̀tá. Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú tí wọ́n ṣiṣẹ́ sí, ni mo bá pa géèmù náà fún ọjọ́ yẹn, torí dókítà. Màmá mi ni wọ́n wá di ògbufọ̀. “Ó ń bẹ bàbá yẹn.” “Ọmọ yìí ti nífẹ̀ẹ́ ẹ̀, wo ojú ẹ̀.” Wọn ò ṣì í rí.

Róbọ́ọ̀tì inú ọkọ̀ òfurufú, Cube lorúkọ ẹ̀, òun náà kì í sọ̀rọ̀. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Kato ló kàn án pọ̀. “Ta ni ìyá ẹ̀?” Mo ní kò ní ìyá, Kato ló ṣe é. “Kato ni ìyá ẹ̀ nìyẹn.” Wọ́n rán Cube pé kó lọ po kọfí wá fún àwọn àgbà inú ọkọ̀, ó po ó, ó gbé e wá, kò sì sí ìjà kankan fún ìgbà pípẹ́ àyàfi géèmù kékeré kan tó wà nínú yàrá ìgbafẹ́ wọn. Sójà kan wà níbẹ̀, Darthe, tó kórìíra róbọ́ọ̀tì. Ibẹ̀ nìkan ni mo ti lo “ìwọ” kíkan kíkan láìro ó lẹ́ẹ̀mejì. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ibẹ̀rùbojo wà nínú ọkọ̀ náà, kọfí yẹn kàn ń tan yín jẹ ni.

Oníjàkadì òde òní kò gbà wá ju alẹ́ kan lọ. Masaru á yan ẹni tó fẹ́ bá jà lójú pátákó, àfi bíi Street Fighter. Kò sì yà mí lẹ́nu, torí Yoko Shimomura tó ṣe orin Street Fighter II nígbà tó wà ní ilé iṣẹ́ Capcom, òun náà ló ṣe orin Live A Live. Èdè tí Masaru ń kọ́, ẹ̀ṣẹ́ ni: ó dìgbà tí ọ̀tá bá fi ìjà kan lù ú kó tó mọ ìjà náà. Moribe, ọ̀kan nínú wọn, jẹ́ bàbá arúgbó. Màmá mi kọ̀ jálẹ̀ pé mi ò gbọdọ̀ lù wọ́n. Wọ́n yí ojú wọn padà sí ògiri títí mo fi ṣe tán. Orin ìjà tí mo rántí láti sáíbà, Megalomania ni wọ́n ń pè é. Ó tún padà bọ̀ báyìí, pẹ̀lú gìtá gidi àti ìlù gidi. Mo gbé ohùn sókè, ará ilé kejì kan ògiri.

A ti ń ṣe ti oníbọn lọ́wọ́. Ó kúrú, kò ju wákàtí kan lọ tí o bá dá nìkan gbá a: ẹgbẹ́ jàǹdùkú kan ń bọ̀ wá ba ìlú jẹ́, agogo á lù lẹ́ẹ̀mẹjọ kí wọ́n tó dé, o gbọ́dọ̀ ti kó okùn, ṣọ́bìrì àti òróró jọ, kó o sì ti yan ẹni tó máa dẹ pańpẹ́ síbi kan. Mad Dog ni ẹni tó ń lé oníbọn náà kiri. Mi ò mọ Yorùbá tí mo máa fi gbé ohùn tó ń fà nílẹ̀ yẹn, ni mo bá fún un ní ohùn Ìbàdàn: “Sé o rò pé o lè sá fún mi ni?” Ọmọ Ẹ̀gbá ni màmá mi. Ní gbogbo ìgbà tí Mad Dog bá ti fẹ́ la ẹnu báyìí, wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín sílẹ̀.

Akira, ọmọ tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ inú ẹlòmíì, ló kù. Mo ń tọ́jú ẹ̀. Mo ti gbọ́ pé orin kan wà níbẹ̀ tí Hironobu Kageyama kọ, ẹni tó fi ohùn ẹ̀ kọ orin ìbẹ̀rẹ̀ káàtúùnù Dragon Ball Z, mo fẹ́ kí iná wà lọ́jọ́ náà.

Ti Shifu, a dá a dúró níbi tí bàbá ti fẹ́ jáde nílé fún ìrìn kan, tí àwọn ọmọ iṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì máa dúró sílé. Màmá mi ní oorun ń kùn àwọn lọ́jọ́ náà. Mi ò lè sùn, ni mo bá so gbohùngbohùn mọ́ etí, mo dá gbá a dópin. Aago méjì òru ni mo pa á. Lọ́jọ́ kejì mo padà sórí ibi tí a jọ fi pamọ́, mo ní kí a kọ́kọ́ lọ wo ti oníbọn. Ó ti di ọjọ́ mẹ́fà báyìí.

Lánàá, bí mo ṣe ń gbé oúnjẹ wọn sílẹ̀, wọ́n ní, “Àwọn ọmọ iṣẹ́ bàbá yẹn ńkọ́? Ṣé ẹ ti fún Hong lóúnjẹ?”

Mo ní ó ti jẹun, mà.